Ta ló ń yẹ́ àwọn ọ̀gá háídírọ́líìkì sí?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú ń bí mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ kan pe èrò jọ sí gbọ̀ngàn kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ dá àwọn tó sin ìlú lọ́lá. Wọ́n pe olóṣèlú kan jáde pé ó fún àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní ẹ̀rọ ìfúnpákí. Fọ́tò ń yọ fìrìfìrì, àwọn onílù ń kì í. Ọ̀gá háídírọ́líìkì, ìyẹn iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi ohun olómi tí a tẹ̀ ṣe agbára, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó irin ẹ̀rọ wọ̀nyẹn pọ̀ jókòó lẹ́yìn pátápátá, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ náà han àlejò tí jáàkì rẹ̀ kọ̀ tí kò gbéra ni wọ́n tó rántí pé ó wà níbẹ̀. Ó tún un ṣe tán, wọ́n ní kó padà sí àyè rẹ̀.

Mo sún mọ́ ọn, mo rí ohun tó ṣe. Ó tú orí jáàkì, ó fa síìlì rẹ̀, òrùka tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, yọ, ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú òmíràn jáde látinú àpò, ó fi ìka pa ọ́ìlì sí i lára yíká, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sì fi àtàǹpàkò wá a wò bóyá ó ká mọ́ ibì kankan. Ó rọ ọ́ìlì kún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́ǹpù. Kò pẹ́ tí omi pákí fi ń ṣàn lára àpò. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún lọ́jọ́ yẹn?

Àwa tí ìyá wa ṣe gàrí mọ bí ó ti rí kí jáàkì tó dé. Òkúta ni wọ́n ń tò lé àpò, wọn a máa dúró de omi láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ọgbọ́n tó mú òkúta kúrò kì í ṣe ti àná. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1663, lẹ́yìn tó ti kú: bí a bá tẹ ohun olómi tí a sé mọ́, ìtẹ̀ náà á dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ bákan náà. Bí ojú irin ńlá tó ń gbéra nínú jáàkì bá fẹ̀ ju ti kékeré tí a fi ń pọ́ǹpù lọ ní ìlọ́po 50, agbára ìlọ́po 50 ló máa jáde lókè. Ìdí nìyẹn tí obìnrin kan ṣoṣo fi lè fún àpò pákí tó kún dẹ́nu. Òun náà ló ń gbé ẹ̀yìn tipa, tó ń gbé ọwọ́ katapílà. Kì í ṣe ohun olómi nìkan: tírélà tó ń gba títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ inú táǹkì ló ń bá a tẹ bíréèkì.

Joseph Bramah gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìfúnǹkan yìí ní Ìlú Ọba lọ́dún 1795. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìtàn wọn sọ pé Henry Maudslay, tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló ronú kan síìlì aláwọ tí kò jẹ́ kí omi jò. Ọgbọ̀n ṣílè ni Maudslay ń gbà lọ́sẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi kún un, Bramah kọ̀, ó bá lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Lónìí, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ níbẹ̀ ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi sọrí Bramah fún àwọn onímọ̀ iṣẹ́ yìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ti Robert Koski, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Sun Hydraulics sílẹ̀ lọ́dún 1970. Àwa ńkọ́? Olóṣèlú la ń fún lámì ẹ̀yẹ.

Mo tún un sọ: ẹni tó ra ẹ̀rọ la ń yìn, a kò mọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Olùkọ́ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní háídírọ́líìkì á fẹ̀yìn tì, wọ́n á kó ìwé rẹ̀ sínú páálí, ó parí. Àwọn tó wà nípò mọ̀ ọ́n, wọ́n kàn dijú ni. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ló ní yinniyinni kẹ́ni ó lè ṣèmíì.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kí ìlú dá àmì ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ lọ́dọọdún fún iṣẹ́ yìí nìkan, kí olùkọ́ kan àti ọ̀gá oníṣẹ́ kan máa gbà á lórí pèpéle kan náà. Àwọn awakọ̀ tipa, àwọn tó ń fún pákí àti àwọn tí olùkọ́ náà kọ́ ni kó yan wọn. Olóṣèlú kò gbọdọ̀ dá sí i, kò sì gbọdọ̀ fowó sí i, torí ọjọ́ tó bá fowó sí i ni àmì ẹ̀yẹ ti di tirẹ̀. Kí a kọ ìtàn iṣẹ́ onítọ̀hún sílẹ̀ ní Yorùbá nígbà tó ṣì wà láyé: ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́, ẹ̀rọ wo ló kọ́kọ́ tú, kí ló fi ọgbọ́n orí rẹ̀ yí padà, àwọn ta ló kọ́. Lọ́jọ́ náà, kó tú pọ́ǹpù kan palẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, kí wọ́n bi í ní gbogbo ohun tó bá ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Mo gbà pé ìyẹn gan-an ni ẹ̀yẹ, ó ju páálí onígíláàsì lọ.

Kí ìjọba máa san owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ wọ̀nyí lásìkò. Kí àwọn rédíò wa máa pè wọ́n sórí afẹ́fẹ́.

Mo ti bá àwọn oníṣẹ́ kan ní Sábó àti Takie sọ̀rọ̀, wọ́n ti ṣetán láti dárúkọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbà á. Gbọ̀ngàn ni a ń wá báyìí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.