Àbẹ̀kẹ́, kò sẹ́ni tó gbógun tì ọ́

Manchester

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bàbá Tádé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, mo sì rẹ́rìn-ín títí, má bínú. O ra kọ̀ǹpútà kékeré ní Computer Village n'Íkẹjà, o gbé OPNsense, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde wò), sórí rẹ̀ fúnra rẹ, o so ó mọ́ Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì yín, íntánẹ́ẹ̀tì bá dákẹ́. O ṣí log, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe, o rí ìlà pupa rẹrẹẹrẹ, o ní àwọn ọmọ Yahoo ti ká ọ mọ́lé.

Tún àwòrán yẹn wò. Níbi tí wọ́n kọ ibi tí nǹkan ti ń bọ̀ sí, kí lo rí? 192.168.1.37. 192.168.1.42. Àdírẹ́sì tó bá fi 192.168 bẹ̀rẹ̀ kì í rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún inú ilé àti ọ́fíìsì, òun àti àwọn tó fi 10 bẹ̀rẹ̀, àti láti 172.16 dé 172.31. Ibo ni ìlà náà ń lọ? 224.0.0.251, port (ẹnu ọ̀nà) 5353. Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ yín ló ń ké káàkiri pé ta ló wà nítòsí tó fẹ́ gbé fídíò wá sórí òun. Èkejì, fóònù Tádé ni, mo lè fi owó lé e. Firewall gbọ́ igbe náà, ó ní òun ò gbà á wọlé, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Iṣẹ́ tí o torí ẹ̀ rà á ló ń ṣe.

Ohun tó pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ rèé. Ráútà Starlink ń jẹ́ 192.168.1.1. OPNsense náà, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sórí ẹ̀rọ, 192.168.1.1 ló máa ń pe ara rẹ̀. Ilé méjì ló ń jẹ́ Nọ́ḿbà 1 ládùúgbò kan náà, ẹni tó ń pín lẹ́tà kò mọ èwo ni kí òun wọ̀. O lè máa pààrọ̀ wáyà dọdún tó ń bọ̀, kò ní lọ.

So kíbọ́ọ̀dù àti ojú kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí náà. Nínú ohun tó máa gbé jáde, tẹ 2, kí o mú LAN, ihò tó dojú kọ inú ilé (WAN ni èyí tó dojú kọ ìta). Tó bá ní ṣé kí LAN gba àdírẹ́sì látọ̀dọ̀ DHCP, ìyẹn ètò tó ń pín àdírẹ́sì fáwọn ẹ̀rọ, rárá ni. Fún un ní 192.168.50.1, fi 24 síbi tó ti bèèrè subnet, kí o sì tẹ Enter kọjá níbi gateway. Nígbà tó bá wá ní ṣé kí òun máa pín àdírẹ́sì fáwọn ẹ̀rọ inú ilé, bẹ́ẹ̀ ni, láti 192.168.50.100 dé 192.168.50.200. Àwọn tó fo ibí yìí ló máa ń pariwo lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ní kí òun fi HTTP rọ́pò HTTPS tó ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, má gbà fún un. Yọ wáyà láàpútọ̀ọ̀pù rẹ, kí o sì tún fi í síbẹ̀ padà.

Wá bẹ̀rẹ̀ sí í ping, ìyẹn ni kí o ké sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kó dáhùn, ní ẹsẹẹsẹ: 192.168.50.1, lẹ́yìn náà 192.168.1.1, lẹ́yìn náà 8.8.8.8, ẹ̀rọ Google kan níta, kó tó wá kan google.com. Èyí tó bá kọ́kọ́ dákẹ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tí 8.8.8.8 bá dáhùn tí google.com kò dáhùn, ọ̀nà là, DNS, tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì, ni kò ṣiṣẹ́. Má tìtorí ìyẹn fọwọ́ kan òfin firewall kankan.

Òfin gan-an, "allow any" (gba gbogbo wọn láyè) tí bọ̀dá tó ràn ọ́ lọ́wọ́ fi sí WAN, yọ ọ́ kúrò lónìí. Ó bí mi nínú. Ohun tó ń bọ̀ láti ìta ni òfin WAN ń dájọ́ fún. Èyí tó ń jáde láti inú ilé, LAN ló ni ín, OPNsense sì ti gbà á láyè látilẹ̀. Kò tún nǹkan kan ṣe, ó kàn ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò kàn án.

Àmọ́ èyí tó burú jù, ẹnìkan ò sọ ọ́ fún ọ: Wi-Fi yín ṣì ń jáde láti ara Starlink, firewall sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù, tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà, kò sí ìkankan tó ń ṣọ́. Láàpútọ̀ọ̀pù rẹ nìkan ló ń dáàbò bò. Wá ráútà àtijọ́ yín jáde. Sọ òun náà di 192.168.50.2, pa DHCP rẹ̀, kí o so wáyà mọ́ ihò LAN rẹ̀, kì í ṣe WAN. Wi-Fi rẹ nìyẹn. Nígbà náà ni kí o tó tan bypass, tó ń mú ráútà Starlink kúrò lọ́nà, nínú áàpù Starlink, kí o sì ka ohun tó kọ síbẹ̀ dáadáa kí o tó tẹ̀ ẹ́. Àdírẹ́sì WAN yóò wá fi 100 bẹ̀rẹ̀: ìwọ àti ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ jọ ń lo èyí tó jáde síta, nítorí náà, má da ara rẹ láàmú pé o fẹ́ ṣí port láti máa wo kámẹ́rà láti ṣọ́ọ̀bù. Tailscale, ètò tó ń so àwọn ẹ̀rọ rẹ pọ̀ láti ibikíbi, á ṣe é.

Kámẹ́rà yẹn ni mò ń bẹ̀rù jù. Lọ́dún 2016, Mirai, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, fi páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ta ẹ̀rọ wọ inú kámẹ́rà àti ráútà àwọn èèyàn lọ rẹpẹtẹ, ó sì fi wọ́n kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ DNS kan, ní oṣù October, tí ọ̀pọ̀ ní Amẹ́ríkà kò fi rí Twitter àti Netflix ṣí. Àwọn tó ni kámẹ́rà náà ò mọ nǹkan kan. Pààrọ̀ tìrẹ, kí o pààrọ̀ ti àpótí náà pẹ̀lú. "root" àti "opnsense", orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá, gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà, fi kámẹ́rà sí ihò kẹta, ní òun nìkan. Ó máa gba àdírẹ́sì tí o bá tan DHCP síbẹ̀, àmọ́ kò ní lọ síbì kankan, torí OPNsense kì í fi òfin kankan sójú ọ̀nà tuntun. Ìwọ ni kó o fi méjì síbẹ̀: dí i lọ́nà LAN lókè, gbà á láyè síbòmíràn nísàlẹ̀. Láti òkè ni firewall ti ń ka òfin wá sísàlẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá mu ló máa lò.

Nítorí NEPA, so àpótí náà mọ́ inverter, kí o sì da config rẹ̀, gbogbo ètò tí o ṣe sínú rẹ̀, sórí flash.

Ya èsì ping mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí, bó di òru pàápàá, pè mí. Bá mi kí Màmá.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́