Ṣé torí pé Jordan ò sí nílé ni Ọlájùwọ́n fi gba ife?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan lójú ewé eré ìdárayá, lórí ta ni ọ̀gá pátápátá nínú gbogbo àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n láyé. Ó ro ẹjọ́ Michael Jordan, ó ro ti LeBron James, ó sì dá Jordan láre. Èmi náà ò bá a jà síyẹn. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni ọ̀rọ̀ kan tó sọ kọjá nípa Hakeem Ọlájùwọ́n: pé ológbò ò sí nílé ni ilé fi di tèkúté, pé ká ní Jordan ò fi pápá sílẹ̀ lọ gbá baseball ni, Houston Rockets, ẹgbẹ́ Ọlájùwọ́n, kì bá tí fojú kan ife NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, ní 1994 àti 1995.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwa náà sì gbà á bẹ́ẹ̀ láì tú u wò.

Lóòótọ́, Jordan ò sí nílé ní 1994. Wọ́n pa bàbá rẹ̀ ní 1993, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún náà, ó ní òun ò gbá mọ́, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ baseball Birmingham Barons. Ṣùgbọ́n oṣù kẹta 1995 ló padà dé. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ju póìǹtì 55 sáwọ̀n New York Knicks nínú ilé wọn. Ológbò ti wọlé nìyẹn o. Nígbà tí playoff dé, ìyẹn ìdíje ife lẹ́yìn sáà, tí ẹgbẹ́ méjì ń pàdé léraléra títí ọ̀kan á fi lé èkejì jáde, Orlando Magic, ẹgbẹ́ Shaquille O'Neal àti Penny Hardaway, ló na Chicago Bulls, ẹgbẹ́ Jordan, ní 4 sí 2, Jordan sì wà nínú pápá. Orlando yìí kan náà ló pàdé Rockets ní àṣekágbá. Rockets nà wọ́n ní 4 sí 0, wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí ẹyọ kan mú relé.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀: pé ara Jordan ò tíì gbóná, pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 péré ló gbá kó tó di playoff. Mo gbà. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ le. Ó sì fi hàn wá nígbà tó yá, nítorí ife mẹ́ta ló gbà léraléra láti 1996. Àmọ́ a kì í tìtorí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ gba ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ pé "ká ní" la fẹ́ máa fi jiyàn, èmi náà á bi yín: ta ni Bulls fẹ́ fi kojú Ọlájùwọ́n lábẹ́ agbọ̀n? Bill Cartwright tó ti ń darúgbó àbí Will Perdue?

Ẹ tún wo ọ̀nà tí Rockets gbà dé ibẹ̀ ní 1995. Ipò kẹfà ni wọ́n wà ní ìwọ̀ oòrùn, ọ̀kan nínú ìhà méjì tí NBA pín sí. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀ playoff láti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó tíì gba ife NBA, títí dòní. Wọ́n lé Utah tó jáwé olúborí nígbà 60 lọ sílé. Phoenix ti na wọ́n 3 sí 1, àwọn èèyàn ti ń palẹ̀ mọ́, wọ́n dìde, wọ́n gba mẹ́ta tó kù. San Antonio ló kàn, ẹgbẹ́ tó ní èsì tó dáa jù lọ́dún náà, tí David Robinson jẹ́ ọ̀gá wọn. Kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé MVP, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ́dún, lé Robinson lọ́wọ́, lójú Ọlájùwọ́n tó gbà á lọ́dún tó ṣáájú.

Mo rọ ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn kó lọ wá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó wò ó. Bọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé gbàgbé. Ọlájùwọ́n kọjú sí Robinson, ó ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó ṣe bí ẹni fẹ́ gba apá kan, ó ṣẹ́rí padà, ó wá gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni fẹ́ jù ú. Robinson fò, ó na gbogbo apá sí òfuurufú. Àṣé ẹsẹ̀ Ọlájùwọ́n ò tíì kúrò nílẹ̀. Ó gba abẹ́ apá rẹ̀ yọ sí òdì kejì, ó rọra fi bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Póìǹtì 41 ló jù lálẹ́ ọjọ́ náà, mọ́ MVP tuntun lójú. Nígbà tí wọn ó fi parí ọ̀rọ̀ náà, ó ti ń ju 35 lálaalẹ́.

Bó ṣe ń lo ẹsẹ̀ yẹn, Èkó ló ti kó o lọ. Ọmọ àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì ni, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló ń gbá, ó sì ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ó ti fẹ́ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì kó tó fọwọ́ gidi kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ní 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, Rockets yàn án ní ipò kìíní, Portland yan Sam Bowie ní ipò kejì, Chicago wá yan Jordan ní ipò kẹta. Portland làwọn èèyàn ń fi ṣe ẹlẹ́yà títí dòní, kò sẹ́ni tó fi Houston ṣe yẹ̀yẹ́. LeBron tí wọ́n ń fi ṣe òdiwọ̀n yìí náà, lẹ́yìn tí Dallas fìyà jẹ ẹ́ ní àṣekágbá 2011, ọ̀dọ̀ Ọlájùwọ́n ní Houston ló gbà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn sí alátakò. Ní 2012 ló gba ife rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí òrùka tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gba ife, nítorí òun ni wọ́n fi ń pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Jordan ní 6, LeBron ní 4, ẹjọ́ tán. Ó dáa. Bó bá jẹ́ òrùka ni, kí la fẹ́ ṣe ti Bill Russell tó gba 11 láàárín sáà 13 fún Boston Celtics? Wọ́n á ní ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹgbẹ́ ò pọ̀ nígbà náà. Robert Horry ńkọ́, tí kì í ṣe ará ayé àtijọ́? 7 ni tirẹ̀, ó ju ti Jordan lọ. Abẹ́ Ọlájùwọ́n ní Rockets ló ti gba méjì àkọ́kọ́. Horry mọ bọ́ọ̀lù jù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di wàhálà, n ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é lọ́ba.

Àwọn tó ń ti LeBron lẹ́yìn á ní ká ka póìǹtì. Oṣù kejì 2023 ló kọjá 38,387 tí Kareem Abdul-Jabbar fi sílẹ̀, ó sì ti kọjá 40,000 tipẹ́. (Kareem náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Yorùbá làwọn baba ńlá òun tí wọ́n kó lẹ́rú dé Trinidad, nítorí náà kí ẹni tó bá rò pé torí ẹ̀yà ni mo ṣe ń gbè sẹ́yìn Ọlájùwọ́n rọra. N ì bá gbè sẹ́yìn Kareem, MVP rẹ̀ jẹ́ 6.) Bó bá tún jẹ́ ti alẹ́ ọjọ́ kan, Wilt Chamberlain ju 100 ní 1962, kò sẹ́ni tó tíì bá a. Ìwọ̀n tí kálukú bá gbé wá sọ́jà, ẹni tirẹ̀ ló máa ń gbè.

Nínú gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí, iṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ agbọ̀n ló máa ń fúyẹ́ jù. NBA ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́ọ̀lù tí èèyàn bá lù dànù àti èyí tó bá já gbà lọ́wọ́ alátakò àfi ní sáà 1973-74. Gbogbo èyí tí Russell lù dànù láyé ẹ̀, kò sí nínú ìwé. Látìgbà tí wọ́n sì ti ń kà á, 3,830 ni Ọlájùwọ́n lù dànù, kò sẹ́ni tó tíì kọjá rẹ̀. Nínú sáà 1988-89, ó lu bọ́ọ̀lù tó lé ní 200 dànù, ó tún já èyí tó lé ní 200 gbà. Òun nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kejì 1995, inú ààwẹ̀ Ramadan ló wà, omi ò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu kí oòrùn tó wọ̀, síbẹ̀ òun ni NBA mú ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lóṣù náà.

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló sì fún Houston ní ife 1994. Knicks, tí wọ́n ti lé Bulls jáde, ló ń ṣíwájú 3 sí 2. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹfà, Rockets wà ní 86, Knicks ní 84, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù. John Starks ti Knicks, tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbóná láti ìdajì wákàtí sẹ́yìn, gbé bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta sókè. Bó bá wọlé, New York ti gba ife. Ọlájùwọ́n, tó yẹ kó wà lábẹ́ agbọ̀n bíi sẹ́ńtà, ló sáré jáde bá a níbi tó jìnnà yẹn, ó sì fi ìka kan bọ́ọ̀lù náà. Kò dé ibi tó ń lọ. Wọ́n gbá èkeje, Rockets gba ife.

Ẹ bi mí pé ta ni mo wá fi ṣe ọ̀gá. Jordan ni. Kì í ṣe torí òrùka 6. Ìgbà 10 ló ju gbogbo NBA lọ ní póìǹtì, síbẹ̀ ní 1988 tó gba MVP, òun náà ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó mọ ọ̀nà àtiṣọ́ alátakò jù. Èèyàn mẹ́ta péré ló ti gba méjèèjì pọ̀ nínú sáà kan: Jordan, Ọlájùwọ́n ní 1994, àti Giannis Antetokounmpo ní 2020, ìyẹn ọmọ Adétòkunbọ̀ tí wọ́n bí ní Gíríìsì. Jordan ò gba ife lọ́dún tirẹ̀, Detroit ló lé e jáde. Giannis náà ò gbà á, Miami ló ti tirẹ̀ lọ́nà. Ọlájùwọ́n gba ife lọ́dún kan náà, ó tún gba MVP ti àṣekágbá lé e.

Tí òǹkàwé yín bá fẹ́ fèsì, kó mú ẹlòmíì tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí wá, ibi yòówù kí Jordan wà lọ́dún náà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.