Apophis ò ní já lù wá o, ẹ bá wa gbé e síwèé ìròyìn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọ̀rọ̀ òkúta òfuurufú tí wọ́n ń pè ní Apophis yìí ti wọ àárín ẹgbẹ́ àjọ wa. Ẹnì kan ló fi fóìsì nóòtì sórí WhatsApp wa pé Fúráìdè, ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2029 ni òkúta kan máa já lu ayé, gbogbo ẹ̀ á parí, ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bá ní ká kó owó òun fún òun, òun ò dá àjọ kankan tó máa dé 2029 mọ́. A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ìyá ò bá wa rẹ́rìn-ín o.

Onífóìsì yẹn ò kúkú parọ́ ọjọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ló máa kọjá. Ìròyìn tó ti gbó ló ń tà fún wa. Ọdún 2004 làwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kọ́kọ́ rí i láti Kitt Peak, ibi tí wọ́n ti ń fi awò ńlá wo ojú ọ̀run ní Arizona lÁmẹ́ríkà, nígbà tó máa fi di ìparí ọdún yẹn ìṣirò wọn ní ewu pé ó lè kọlù wá tó ọ̀kan nínú 37, ìyẹn ò sì kéré rárá, àní èmi gan-an ì bá bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ ọ̀nà tó ń gbà dáadáa nígbà yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ sí i lewu ọ̀hún ń yọ́, títí tí wọ́n fi fi rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá nǹkan tó jìnnà, wò ó ní 2021 tí NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú lÁmẹ́ríkà, wá ní kò séwu fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ó kéré tán.

Èyí tó jọ mí lójú ni bó ṣe máa súnmọ́ wa tó. Dish orí òrùlé yín yẹn, sátẹ́láìtì tó kọjú sí wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè, abẹ́ ẹ̀ ni Apophis máa gbà kọjá, nǹkan bí 32,000 kìlómítà sílẹ̀ tá a dúró lé, òkúta tó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ o! Ní báyìí, nǹkan bí ọjọ́ 324 ló fi ń yí oòrùn po, tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá tán, ayé á fà á débi pé ọ̀nà ẹ̀ á fẹ̀ sí i, á wá máa lò ju ọdún kan lọ.

Àwa aláwọ̀ dúdú wà nínú àwọn tó máa fojú lásán rí i, láìsí awò kankan, torí ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tó ti máa hàn. Ní Nàìjíríà, aago mọ́kànlá alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa súnmọ́ wa jù, bíi ìràwọ̀ kan tó ń rìn ló máa rí. Bójò oṣù kẹrin bá fi wá sílẹ̀ ṣá. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo máa bẹ àwọn oníná pé kí wọ́n jọ̀ọ́ mú iná lọ nìyẹn.

Mo ti ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ó ní ẹnu lásán ni, kí n mú ìwé ìròyìn wá. Ìwé ìròyìn yẹn ni mo ń bẹ̀ yín fún, sà, ẹ jọ̀ọ́ kó jáde kó tó di ọjọ́ tá a máa dá àjọ tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ àjọ,
Ìbàdàn.