Ta Ni Wọ́n Máa Pè?

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ̀ ń ṣe tíátà ní Kétu, ní Pọ̀bẹ̀, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrìn òru.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣubú níbi eré lọ́jọ́sí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́, àwọn kan nínú yín tiẹ̀ ti ń pín àwòrán rẹ̀ kiri lórí fóònù kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Pákó tí wọ́n tò sórí àgbá láìkàn án níṣòó ló yẹ̀ nígbà tó fò sókè, ni itan rẹ̀ bá kán. Egungun á jinná, ọ̀dọ́ ni. Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn ni pé nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì ní ta ni kí àwọn pè, ńṣe ni wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ẹni tó pe eré ti pa fóònù rẹ̀. Bàbá ọmọ kò sí láyé mọ́. Ìyá rẹ̀ ń ta gàrí, kò ní ìdajì ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ. Ẹgbẹ́ àwa onítíátà ńkọ́? Ó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ó ní kí ni òun rí gbà níbẹ̀, pé ìpàdé ni ṣáá, owó ni ṣáá. Owó tó ń sọ yẹn kò ju owó bíà ìgò kan lọ lóṣù.

Ta ni wọ́n máa pè? Ẹ bi ara yín kí ẹ tó ka ìyókù. Bí o bá gun orí ìtàgé ní alẹ́ Sátidé yìí, tí nǹkan bá ṣe ọ́, ta ló di dandan fún láti dìde? Mi ò sọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ o. Àwọn tó fẹ́ràn wa pọ̀. Ẹni tó di dandan fún ni mo wí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, àwọn alárìnjó máa ń gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ wọ Kétu. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń kó ènìyàn, ìlù, ẹ̀rọ iná àti aṣọ, àwa ọmọdé á sì máa sáré tẹ̀lé e láti ẹ̀gbẹ́ Ákàbà Ìdènà títí á fi dé ojú ọjà. Nígbà tí mo dàgbà, mo tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn lọ. Mo ń rán aṣọ eré, mo sì ń ṣe ìyá ọkọ burúkú. (Gbogbo ìyá ọkọ burúkú tí wọ́n ṣe nígbà náà, èmi ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn obìnrin ọjà kì í fẹ́ ta ẹ̀fọ́ fún mi.) Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ni bàbá, ọ̀gá ni onílé, ọwọ́ ọ̀gá ni owó wà, ìyàwó ọ̀gá sì ni àwọn mìíràn nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré. Bí ibà bá dá ọ dúbúlẹ̀, òun ló máa ra oògùn. Kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wà, nítorí agboolé ọ̀gá ni ẹgbẹ́.

Ọ̀gá wá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín ọkọ̀, wọ́n pín ìlù, wọ́n pín ẹ̀rọ iná. Àwa tí a ti bá a jẹ eruku ọ̀nà láti ìlú dé ìlú, a ò sí nínú ogún. Àpótí aṣọ kan ni mo gbé padà wá sí Kétu, òun náà sì jẹ́ pé kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ ni.

Nítorí náà, bí mo bá ń gbọ́ tí ọmọdé kan ń sọ pé òun ò nílò ẹgbẹ́, inú mi kì í dùn. Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945. Ó ní orúkọ, ó ní èrò, ó ní ọkọ̀. Bí ẹnìkan bá wà tó lè dá dúró, òun ni. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀gá tíátà Nàìjíríà kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní ANTP, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́, kò sì sọ pé òun ga ju ìpàdé lọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1990, ọ̀pọ̀ nǹkan ṣẹlẹ̀, ìjà wọ ẹgbẹ́ náà, àwọn kan bínú jáde. Mo mọ̀ pé èyí lẹ máa fi dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn tó bínú jáde yẹn lọ ṣe? Ẹgbẹ́ mìíràn ni wọ́n lọ dá, TAMPAN. Wọn ò lọ jókòó sílé kí olúkúlùkù máa dá fóònù rẹ̀ tẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Kétu ni mo ń bá wí jù, ojú sì ń tì mí pé èmi ni mo ń sọ ọ́ fún yín. Ta ló rí i rí kí ẹnìkan dìde, kó gbẹ́ igi, kó kùn ún, kó lù, kó gbé orin, kó sì jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀? Ìyálàṣẹ, ìyá tó jẹ́ olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wà níbẹ̀. Onílù wà, agbẹ́gilére wà, gèlè àti ìró tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ìyá ni wọ́n fi ń di ara ẹni tó ń jó. Ẹni tó ń kọ orin Ẹ̀fẹ̀ lóru, tó ń dárúkọ ìwà ibi ìlú lójú kòrókòrò, ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbá a létí nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Nígbà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, tí wọ́n sì wá kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ogún aráyé ní 2008, wọn ò kọ orúkọ oníjó kankan síbẹ̀. Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló wà níbẹ̀, àwọn ìlú àti ẹgbẹ́ tó gbé e ró. Inú irú ìlú yìí lẹ ti wá, ẹ wá ń sọ fún mi pé ẹnìkan tó. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Kútọnu ló ka ti ilẹ̀ Faransé fún mi. Lọ́hùn-ún, òṣèré tó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 507 láàárín ọdún kan, wọ́n á máa fún un ní owó ní àkókò tí kò bá sí eré. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ṣé ẹ rò pé ìjọba kan jí lọ́jọ́ kan ni, ó sì káàánú wọn? Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló jókòó ti ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ agbanisíṣẹ́. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ fún okùn rẹ̀ mọ́ wọn lọ́rùn ní 2003, àwọn òṣèré àti àwọn oníná dáṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àjọ̀dún tíátà Avignon, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1947, kò lè wáyé lọ́dún náà. Àwa ò tíì ní irú àpò bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, mi ò sì sọ pé ká dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ta ló máa mọ̀ pàápàá pé a dáṣẹ́ sílẹ̀?

Ti Amẹ́ríkà ló pa mí lẹ́rìn-ín. Kí àwọn òṣèré ibẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1913, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dánra wò láìgba kọ́bọ̀, bí eré bá sì kú sí ìlú òkèèrè, kí olúkúlùkù wá owó ọkọ̀ tí yóò gbé e délé. Ìgbà tó di 1919, wọ́n kọ̀, wọn ò gun orí ìtàgé mọ́, ilé eré ní New York tilẹ̀kùn fún nǹkan bí oṣù kan kí àwọn onílé eré tó gbà láti bá ẹgbẹ́ náà tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀yin tí wọ́n já sílẹ̀ ní Párákù láìsí owó ọkọ̀, tí ẹ fi aago ṣe ìdógò, ṣé ẹ gbọ́? Ohun tí àwọn ènìyàn yẹn ti jà fún láti 1919 ló ṣì ń ṣẹlẹ̀ sí yín. Àwọn onílé eré ọ̀hún náà kò sùn o, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1930. Ọlọ́rọ̀ tó ní ilé, tó ní owó, ó mọ̀ pé òun nílò ẹgbẹ́. Ìwọ tí o yá ṣòkòtò tí o fi ń ṣeré, ìwọ lo dá tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa yín gan-an. Wọ́n ní ẹ wá ṣeré níbi ìnáwó kan. Ẹgbẹ́ eré kan ní 100 000 fáráǹkì ni àwọn máa gbà. Ẹgbẹ́ eré kejì gbọ́, ó sáré lọ, ó ní òun á gba 50 000. Ẹnìkẹta, tí kò ní ẹgbẹ́ eré rárá, ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní owó epo àti oúnjẹ. Òun ni wọ́n máa mú. Ẹ rò pé ẹ ti borí ẹnìkejì yín. Owó káfíńtà wà nínú iye tẹ́ ẹ gé kúrò yẹn. Owó ìṣó wà níbẹ̀. Owó ẹni tó yẹ kó gun pákó wò ní ìrọ̀lẹ́ kí òṣèré tó gùn ún, ó wà níbẹ̀. Àwa la gé e kúrò kí pákó yẹn tó yẹ̀. Bí ẹgbẹ́ gbogbo wa bá sọ pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gbà kéré sí báyìí, tí gbogbo wa sì dúró tì í, ẹni tó ń pe eré á sanwó. Ó ń sanwó fún onílù. Ó ń sanwó fún ẹni tó ń gbé àga wá.

Ẹ ní àwọn olórí ẹgbẹ́ ń jẹ owó. Àwọn kan ń jẹ ẹ́! Mo ti rí i, mo ti bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin dà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìwé owó? Ẹ ò wá. Ẹ ní oòrùn ń mú. Ẹ ò wá sí ìpàdé, ẹ ò ka ìwé, ẹ ò fẹ́ ṣe akápò, ẹ ò fẹ́ ṣe akọ̀wé, lẹ́yìn náà ẹ máa jókòó sídìí bíà, ẹ máa ní wọ́n ń jẹ owó. Ẹ dákẹ́ ná! Ẹni tí kò bá san, tí kò bá wá, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Kí inú mi rọ̀. Ẹ gba ìdajì owó kí ọkọ̀ tó gbéra, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá dé. Ohun tí wọ́n bá fi ẹnu sọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́, ó kéré tán kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù, kí ó wà nílẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹgbẹ́ ló yẹ kó béèrè ibi tẹ́ ẹ máa sùn àti ẹni tó máa bá yín padà, kí ó má di pé ọmọ ogún ọdún ń dá bá ẹni tó pe eré dúnàádúrà yàrá lóru. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sí gbangba jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó yẹ kó yé á yé. Eré tẹ́ ẹ bá fúnra yín kọ, ẹ lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní BUBEDRA, iléeṣẹ́ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹlòmíràn bá ń ṣe é kí ẹ tó máa sunkún. Ẹ yé fi eré méjì sí alẹ́ kan náà nínú ìlú kan náà. Iná àti ẹ̀rọ tí ń gbóhùn jáde, kí ni ẹgbẹ́ eré mẹ́rin ń fi mẹ́rin ṣe? Ẹ dáwó ra ọ̀kan tó dára, ẹ máa yí i ká.

Àti pé ẹ rántí 2020. Àrùn dé, wọ́n ní kí ènìyàn má ṣe péjọ. Iṣẹ́ wa kò sì lè wà láìsí kí ènìyàn péjọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ onítíátà wà lára àwọn tó ń pariwo títí ìjọba fi kéde 1.57 bílíọ̀nù pọ́n-ùn ní oṣù Keje ọdún náà fún iṣẹ́ àṣà. Níhìn-ín, àpò kékeré tó wà lọ́wọ́ akápò la fi ra gàrí àti àgbàdo, a sì fi ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀ pín in. Àwọn tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀ wá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo ní kí wọ́n fún wọn, àwọn kan sì bá mi bínú nítorí rẹ̀. Wọ́n jàre. Ẹni tó ti ń dáwó láti ọdún pípẹ́, tí ó wá ń wo gàrí rẹ̀ tó ń lọ sí ilé ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí ni kó sọ? Mi ò ní lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà ni mo ṣe ń pariwo báyìí kí ìgbà mìíràn tó dé.

Ìpàdé ti súnmọ́lé, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹni kankan má fi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà ṣe àwáwí. Ẹ mú ìwé àdéhùn eré tẹ́ ẹ ṣe kẹ́yìn wá, ẹni tí kò bá ní ìwé, kó mú fóònù tí wọ́n fi pè é wá. Ẹni tó bá jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́, kó wá bẹ́ẹ̀, mo ti bá akápò sọ ọ́, ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ bú olórí, kó wá bú u níbẹ̀, lójú rẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni ìyá yín,
Ìyá Aláṣọ Eré, Kétu