Ẹ̀yin káfíńtà tó ń ṣiṣẹ́ nílé, kọ̀ǹpútà tí ò ní fáànù ni kẹ́ ẹ wá

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta, torí àwa káfíńtà tá a sọ ẹ̀yìnkùlé di ṣọ́ọ̀bù ti pọ̀ gan-an báyìí, àwọn kọ́sítọ́mà náà ò sì gbà kéèyàn kàn fẹnu ṣàlàyé iṣẹ́ fún wọn mọ́, wọ́n á ní àwọn fẹ́ rí bí wọ́dúróòbù yẹn ṣe máa rí kẹ́ ẹ tó gé pákó kankan. Ìyẹn ló gbé wa dédìí SketchUp, ètò orí kọ̀ǹpútà tá a fi ń ya àwòrán iṣẹ́, òun náà la fi ń ṣírò iye pákó MDF tí iṣẹ́ máa gbà kéèyàn má lọ ra mẹ́fà níbi tí mẹ́rin ti tó. Kọ̀ǹpútà ti wọ àárín irinṣẹ́ wa nìyẹn. Àmọ́ irú èyí tí wọ́n ń tà fún wa ló ń dùn mí.

Ẹ lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tigbà n'Ìkẹjà o, ẹ lọ sí àdúgbò yín o, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé èló lẹ fẹ́ ná, tó bá yá wọ́n á bi yín ní RAM. Ẹnì kan ò ní bi yín pé ibo lẹ fẹ́ gbé e sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Láptọ́ọ̀pù tó ní fáànù, afẹ́fẹ́ ló ń fà wọlé lábẹ́ tó ń tú u jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo eruku tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn ló máa bá a wọlé. Eruku MDF ló wá burú jù, ó kúnná, kì í tètè balẹ̀, sáńdà á ti dákẹ́ tipẹ́ òun ṣì ń fò kiri. Tí fánìṣì tẹ́ ẹ ń fọ́n bá tún kàn án, á lẹ̀ pọ̀ mọ́ fáànù, á dí àárín àwọn irin wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó máa gbé ooru jáde. Kọ̀ǹpútà á gbóná, á máa dín eré kù fúnra ẹ̀ kó má baà jóná, ẹ̀yin á wá máa pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́.

Àwọn kan ní kọ̀mpùrẹ́sọ̀ làwọn fi ń fẹ́ eruku ẹ̀ dànù. Ẹ rọra o. Omi máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ kọ̀mpùrẹ́sọ̀, ó sì lè yí fáànù yẹn kọjá agbára ẹ̀ títí bíárìn ẹ̀ á fi bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa fẹ́ ẹ dandan, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ wá nǹkan kékeré fi di fáànù mú.

Kọ̀ǹpútà wà tí ò ní fáànù rárá. Ẹ̀rọ tó ń ronú nínú ẹ̀ ò jẹ iná púpọ̀, irin ara àpótí ẹ̀ ló sì ń gbé ooru jáde. Intel N100 tó jáde ní 2023 wà lára irú ẹ̀rọ tó ń ronú bẹ́ẹ̀, wáàtì 6 péré ni Intel kọ sí i, ó sì tó fún àwòrán kábíńẹ́ẹ̀tì àti wọ́dúróòbù, ẹ má ṣáà fi ya odindi ilé alájà mẹ́ta. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó o, àwọn kan ń fi N100 kan náà sínú àpótí tó ní fáànù. Fún ẹni tówó ẹ̀ ò tó, mo fara mọ́ tòkunbọ̀ àwọn kékeré tí wọ́n ń lò lọ́fíìsì òyìnbó, bíi Dell Wyse 5070 àti HP t630. Ihò wà lára wọn lóòótọ́, àmọ́ kò sóhun tó ń fa eruku wọlé níbẹ̀, ìyẹn sì yàtọ̀ gan-an sí kó ní fáànù. SSD, ìyẹn díìsìkì tí kì í yí, ni kó wà nínú ẹ̀ o, torí díìsìkì tó ń yí ò fẹ́ràn kí ẹ̀rọ ìfági máa mì ín tìtì.

Tí ẹni tó ń tà á bá ní eruku ò lè wọ èyí, ẹ ní kó fi nọ́ńbà IP hàn yín, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí eruku àti omi ṣe lè wọ ẹ̀rọ sí. Tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá jẹ́ 5, bíi IP54, eruku lè wọlé díẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́, tó bá jẹ́ 6, kò wọlé rárá. Tí ò bá sí nọ́ńbà, ẹnu lásán ni. Àwọn tó ní 6, ti ilé iṣẹ́ ńláńlá ni, owó wọn ga, mi ò rò pé káfíńtà ilé nílò ẹ̀.

Ooru wa ńkọ́? Abẹ́ páànù nínú oṣù kẹta kì í ṣe kékeré, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, 35 tàbí 40 Selsiọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ sí i pé kó má kọjá. Ẹ wá èyí tó lè dé 50. Ẹ gbé e kọ́ ògiri jìnnà sí ayùn, kí irin ẹ̀yìn ẹ̀ wà lóòró kí ooru lè ráyè gòkè, ẹ má sì kan àpótí pákó bò ó, mo mọ̀ pé ọwọ́ wa yá síyẹn, pákó kì í jẹ́ kí ooru jáde. Eruku tó bá bà lé e, bí ìgbà téèyàn da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹni tára ẹ̀ ń gbóná ni, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, lásìkò ọyẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́. Kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú ni kẹ́ ẹ lò, ẹ wá ọ̀rá rọ́bà bò ó.

Ti iná NEPA náà tún wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lo 12 volt, ẹ lè so wọ́n mọ́ bátìrì sólà láìgba inú ínfátà, ṣùgbọ́n bátìrì tí sólà ń chájì lọ́wọ́ máa ń kọjá 14 volt, torí náà ẹ ní kí rewáyà fi ohun tó ń mú volt dúró sójú kan sí i láàárín. Àwọn míì 19 volt ni, ẹ ka ara ẹ̀.

Ara tiwa náà ńkọ́ o? Láti 1995 ni IARC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé eruku pákó wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, ti ihò imú pàápàá. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọṣẹ́ bo imú, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa eruku látẹnu ayùn, kọ̀ǹpútà náà á jẹ nínú àǹfààní ẹ̀.

Mo bẹ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ káfíńtà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sípàdé oṣù. Tá a bá pawọ́ pọ̀ ra tòkunbọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan náà, ó yẹ kí wọ́n dínwó fún wa, a sì lè ní kí wọ́n tan ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mélòó kan lójú wa ká tó gbé e.

Èmi ni tiyín,
Káfíńtà kan l'Abẹ́òkúta