Quechua kì í ṣe èdè kan ṣoṣo

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Inú mi ò tíì rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n gbé ìyá àgbà kan, ará Ecuador, wá sí wọ́ọ̀dù wa ní New York. "Quechua", èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀, la bá pe ògbufọ̀ lórí fóònù. Ará Cusco ní Peru lonítọ̀hún. Bí ìyá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, mẹ́ta á ré e kọjá. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 11, ló padà ń fi Spanish túmọ̀ àìsàn ìyá rẹ̀ àgbà fún wa. Ṣé iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn?

Mo fẹjọ́ sùn, àwọn ọ̀gá ní Quechua náà ni gbogbo rẹ̀, pé ẹ̀ka-èdè lásán ni. Ẹ̀ka-èdè wo? Ẹ gbọ́ "ilé mi" ná. Ará Cusco á ní wasiy, ará Ecuador á ní ñuka wasi. Ní Ancash, ní Peru kan náà, fáwẹ̀lì ìparí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fà, kò sí y níbẹ̀ rárá. Ìjọba Peru tó sọ Quechua di èdè ìjọba ní 1975, nígbà tó máa tẹ ìwé gírámà jáde ní 1976, oríṣi 6 ló tẹ̀! Àwọn tó ni ín mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan, àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì níbí ló ń dà á pọ̀.

N ò sọ pé abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀ o. Ará Ayacucho, ní Peru náà, àti ará Cusco ń gbọ́ ara wọn. Àwọn tó ń fún èdè ní àmì ìdánimọ̀ kárí ayé kà á ju 40 lọ, ìyẹn sì pọ̀ jù lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni Yorùbá àti Ígálà; ta ló máa ní kí ará Ìbàdàn lọ ṣe ògbufọ̀ fún ará Ìdáh?

Ìlà kan péré ni mo fẹ́ lórí fọ́ọ̀mù: "Ìlú wo lẹ ti wá?" Bó bá ní Otavalo tàbí Cañar ní Ecuador, kí wọ́n wá ẹni tó ń sọ Kichwa, ìyẹn Quechua ti Ecuador. Bó bá ní Huaraz, kí wọ́n wá ará Ancash. Bó bá ní Cochabamba ní Bolivia, ti Cusco lè gbà á. Kí ògbufọ̀ àti aláìsàn sì kọ́kọ́ kí ara wọn ná. Bí wọn ò bá gbọ́ra, kí wọ́n sọ ọ́ kí dókítà tó la ẹnu. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n tún gba àwọn Kichwa tó wà ní Queens síṣẹ́.

Ìyá ti lọ sílé. "Quechua" ṣì ni wọ́n kọ sí káàdì tí wọ́n fún un.

Nọ́ọ̀sì kan,
New York