Ìkìlọ̀ Láti Inú Kọ̀ǹpútà Gbọ́dọ̀ Ní Ẹni Tí Yóò Dáhùn Sí I

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn tó ń darí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ gbogbo sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ tí gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìgbà gbogbo ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń ròyìn ara wọn. ITIL, ìlànà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń tẹ̀lé, pín ìròyìn náà sí mẹ́ta: èyí tó wà fún àkọsílẹ̀ lásán, èyí tó ń kìlọ̀ pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́, àti èyí tó ń sọ pé ó ti bàjẹ́. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé kò sí ẹni tó gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ wo Knight Capital, iléeṣẹ́ tó ń ṣòwò ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, kí ọjà tó ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀, ẹ̀rọ wọn ti fi ímeèlì 97 tó ń tọ́ka sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́. Àjọ SEC, tó ń ṣàkóso ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, tó sì ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, ròyìn pé iléeṣẹ́ náà kò ṣètò irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ kì í sábà yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ọjà ṣí, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ó ń tà, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, àdánù tó sì ti ibẹ̀ wá lé ní 460 mílíọ̀nù dọ́là.

N kò dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́bi. Ẹni tí fóònù rẹ̀ dún lóru pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ kan, tó dìde, tó tan kọ̀ǹpútà, tó sì rí i pé ẹ̀rọ náà ti fúnra rẹ̀ padà bọ̀ sípò, bí ó bá rí irú rẹ̀ lemọ́lemọ́, yóò kọ etí ikún sí èyí tó ṣe pàtàkì.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ṣètò ìkìlọ̀ kan, kí ó kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀, àti ohun tí ó yẹ kí ẹni náà ṣe. Bí kò bá rí èyí kọ, inú àkọsílẹ̀ ni kí ìròyìn náà máa lọ. Kí wọ́n sì máa dán ọ̀nà tí ìkìlọ̀ ń gbà dé wò pẹ̀lú. Nígbà tí dátà nù ní GitLab, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn, ní oṣù Kìíní ọdún 2017, wọ́n wá rí i pé ẹ̀dà dátà tí wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú kò sí níbẹ̀, ímeèlì tó yẹ kó sọ fún wọn pé iṣẹ́ ṣíṣe ẹ̀dà náà ń kùnà kò sì wọlé rárá.

Mo rọ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ pé, nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rọ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àti ta ni ó sọ ọ́ fún.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan